Iṣẹ́ Àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì: Ojúṣe Olùkọ́ Èdè Yorùbá Ni Pẹ̀lú

Ìfáàrà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mo lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni wò ní Arámọkọ, ọmọkùnrin kan gbé iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá bá mi. Ọdún kejì ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Àyọkà kúkúrú ni wọ́n fún un. Àyọkà náà sọ pé ojú ọ̀run ṣókùnkùn, àgbẹ̀ kan gbójú sókè, ó mọ ohun tó ń bọ̀, ó sáré di iṣu rẹ̀, ó sì ti délé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni: "Why did the farmer return home early?" Ohun tí ọmọ náà kọ sílẹ̀ ni: "He tied his yams in a hurry." Ó wá gbólóhùn tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ilé jù lọ, ó sì dà á kọ bó ṣe wà.

N kò sọ fún un pé ó kùnà. Mo ka àyọkà náà fún un, mo sì ní kí ó máa sọ ọ́ fún mi ní èdè ilé rẹ̀, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí a dé ibi tí ojú ọ̀run ti ṣókùnkùn, kò dúró kí n béèrè ohunkóhun. Ó ní òjò ló fẹ́ rọ̀. Mo bi í bóyá ó rí ọ̀rọ̀ òjò níbì kankan nínú àyọkà náà. Ó wò ó títí, ó ní rárá, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Mo wá ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdáhùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: "Because rain want to fall."

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ìtàn kékeré yìí lọ. Làákàyè ọmọ náà pé. Ohun tó dí i lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó fún un láàyè láti fi èdè tó gbọ́ ronú lórí èdè tí kò tíì gbọ́ tán. Àṣìṣe tó sì gbẹ̀yìn, àṣìṣe tí Yorùbá bí ni. Iṣẹ́ méjì ni "fẹ́" ń ṣe lédè wa: "mo fẹ́ omi" ń sọ ohun tí ọkàn ń bèèrè, "òjò fẹ́ rọ̀" ń sọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe méjèèjì. Ta ló yẹ kó lè ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà bí kò ṣe olùkọ́ èdè Yorùbá? Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ ti èdè tàbí ti lítíréṣọ̀, kì í ṣe ohun tí àwa olùkọ́ Yorùbá lè máa wò níran.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá nísinsìnyí

Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni dé dúró ní Nàìjíríà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ kí a tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Àlàyé tó ṣe ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ṣùgbọ́n kí a tó jókòó sunkún, ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀. Inú kíláàsì ni òfin náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò dé ẹ̀yìn ààrò, kò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọmọ ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Bí kíláàsì bá di ti Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, àkókò iṣẹ́ àṣetiléwá ni ibi tó kù tí ọmọ ti lè gbọ́ àlàyé ní èdè tó yé e. Nítorí náà, iṣẹ́ wa kò dínkù. Ó pọ̀ sí i ni.

Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Arámọkọ títí kan Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀rọ̀ náà tún ní apá mìíràn. Ọmọ ibí kì í fi Yorùbá àjùmọ̀lò dàgbà. "Ulé" ni ilé ń jẹ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, "uṣu" sì ni iṣu. Ìgbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́ ló pàdé "ilé" àti "iṣu" nínú ìwé, kó tó wá di pé a ní kó pè é ní "house" àti "yam". Àtẹ̀gùn méjì ló ń gùn, kì í ṣe ọ̀kan. Olùkọ́ tó bá fi ọmọ náà ṣẹ̀sín nítorí "ulé" ti fa àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí ọmọ náà kò bá dé òkè.

Ohun tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò àṣejáde, ìlẹ̀kùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì ti tì mọ́ ọn. Mo ti rí ọmọ tó mọ Yorùbá dénúdénú, tó lè sọ ìtumọ̀ òwe bí àgbàlagbà, tí kò rí ọ̀nà wọ ibi tí yóò ti kọ́ Yorùbá síwájú nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti lè dí ọ̀nà mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pàápàá, báwo ni a ṣe lè ní kò kàn wá?

Ẹ̀rí láti Ifẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé lílo Yorùbá láti ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ìdáhùn ti wà nílẹ̀ fún èyí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìrànwọ́ owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ọ̀wọ́ kejì fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní 1978, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ìwé tó sọ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 1989.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀rí náà yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni wọ́n fún àwọn ọmọ ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà. Yorùbá fún wọn ní òye, olùkọ́ tó dáńtọ́ sì fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ méjèèjì ló gbé ẹrù náà dórí. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé kí olùkọ́ Yorùbá gba iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Kí ó bá a gbé e ni mo wí.

Ibi tí èdè méjèèjì ti pínyà

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń fi yẹ̀rẹ̀ pupa fà lábẹ́ kì í ṣe àìbìkítà ọmọ. Ìlànà Yorùbá tí ọmọ náà tẹ̀ lé dáadáa ni. Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀.

"Ó" kan ṣoṣo ni a ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta. Nítorí náà ni ọmọ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní "he". Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a kọ́ ní ilé rere kò lè pe bàbá rẹ̀ ní "ó". "Wọ́n" ni yóò pè é. Bó bá wá kọ "My father, they are sleeping", ẹ̀kọ́ ilé ló gbé wọ inú ìwé. Bí a bá sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀-arọ́pò ọ̀wọ̀ bíi tiwa, pé "he" kò bú bàbá ẹnikẹ́ni, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì tọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ìrísí padà nítorí àná. "Mo ra ìwé lánàá", "mo máa ń ra ìwé": "ra" náà ni "ra". Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í sì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé mẹ́wàá. Ta ni yóò wá ya lẹ́nu pé ọmọ kọ "I buy two book yesterday"? "Gbọ́" ń ṣiṣẹ́ fún etí, fún imú àti fún òye: a ń gbọ́ orin, a ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, a sì ń gbọ́ Yorùbá. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń kọ "I am hearing the smell of the soup".

Èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í kíyè sí ni ìbéèrè tó ní ìyísódì nínú. Bí a bá bi ọmọ tí ebi ń pa pé, "Ṣé o kò tíì jẹun ni?", yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohun tó ń fara mọ́ ni pé òun kò tíì jẹun. "No" ni ìdáhùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá kọ "Yes" yóò pàdánù máàkì, olùkọ́ yóò sì rò pé kò lóye àyọkà, bẹ́ẹ̀ ó lóye rẹ̀ délẹ̀délẹ̀.

Ìró náà ní tirẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró "v", kò ní "z", kò sì ní èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi "th" kọ. Ọmọ yóò fi "f" rọ́pò "v", yóò fi "s" rọ́pò "z". Ìmọ̀ fònẹ́tíìkì tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka wa tó láti fi han ọmọ ibi tí ahọ́n àti ètè gbọdọ̀ wà. Ẹni tó lè sọ bí a ṣe ń pe "gb" lè sọ bí a ṣe ń pe "v".

Ti lítíréṣọ̀

Níbi lítíréṣọ̀ ni ó ti ṣe mí láàánú jù pé a kì í ran àwọn ọmọ lọ́wọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọrọ̀ wa pọ̀ sí jù. Láti ọdún 2021 títí di 2025, eré The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká wà lára ìwé tí àjọ ìdánwò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yàn. Bí a bá ní kí ọmọ Ìjerò sọ ìdí tí Sídì fi takú pé Lákúnlé gbọ́dọ̀ san owó orí òun, yóò máa wá ìdáhùn nínú ìwé àlàyé tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ta ló sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n? Kò sí ìdána tí wọ́n ṣe ní àdúgbò rẹ̀ tí kò bá wọn jẹun níbẹ̀. Ó mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa sọ nípa ọmọbìnrin tó bá lọ sílé ọkọ láìgba owó orí. Kí a bi í ní èdè rẹ̀, yóò sọ ọ́ tán. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gbé e.

Ewì The Leader and the Led ti Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ bíbí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, wà lára àwọn ewì tí wọ́n yàn fún ọdún kan náà. Àwọn ẹranko inú igbó ló ń wá olórí níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́ka sí àbùkù ara wọn. Ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ tí gbogbo ẹranko ti pe ìpàdé ti wọ inú ewì náà kó tó ṣí ìwé. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹranko ni a ń bá wí. Àní A Midsummer Night's Dream ti Shakespeare, tó wà lára ìwé ìgbà náà, tí iwin kún inú igbó rẹ̀, kò yẹ kó dẹ́rù ba ọmọ tó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọnà èdè pẹ̀lú. Nínú kíláàsì Yorùbá, ọmọ ti kọ́ àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àwítúnwí àti àsọrégèé. Ó bọ́ sí kíláàsì tó kàn, wọ́n ní kó há "simile" àti "metaphor" sórí bí ẹni pé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun kan náà ni. "Adé ń sáré bí ẹtu" ni àfiwé tààrà. "Ẹtu ni Adé" ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Bí a bá mú ọmọ lọ sí Ìkògòsì, níbi tí ìsun gbígbóná àti ìsun tútù ti pàdé, tí ó sì wí pé omi méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, ìfohunpènìyàn ló ṣe yẹn, yálà Yorùbá ló fi sọ ọ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ti ṣe làálàá tó. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá nípa èdè àti lítíréṣọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwa la fi afárá náà sílẹ̀ láìgùn.

Ìrànlọ́wọ́ tí ń ba ọmọ jẹ́

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìrànlọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ìwé ọmọ kan yẹ̀ wò rí, tí gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá inú rẹ̀ gba máàkì kíkún, tí ọmọ náà kò sì lè ka gbólóhùn kan níbẹ̀. Àgbàlagbà kan ló ń sọ ìdáhùn, tí òun ń kọ. Lónìí, fóònù alágbèéká ti gba iṣẹ́ àgbàlagbà náà ṣe. Ọmọ yóò ya àwòrán ìbéèrè, ìdáhùn yóò jáde, yóò dà á kọ, yóò lọ ṣeré. Ọjọ́ ìdánwò ni àṣírí ń tú. Ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ìdánwò, nítorí pé ẹni tí kò dá rìn rí kò lè dá sáré.

Ọ̀nà tí mo rí pé ó dára kò ju mẹ́rin lọ. Àkọ́kọ́, kí ọmọ ka ìbéèrè sókè, kí ó sì sọ ohun tí ìbéèrè náà ń fẹ́ ní èdè ilé rẹ̀. Èkejì, kí ó dáhùn ní èdè náà kí ó tó mú gègé. Ẹ̀kẹta, kí òun fúnra rẹ̀ wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́n ọn, a lè fún un ní ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí a má fún un ní gbólóhùn. Ẹ̀kẹrin, kí ó ka ohun tó kọ, kí a sì bá a wo irú àṣìṣe kan péré ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bí ti òní bá jẹ́ "he" àti "she", kí a fi ti "bought" sílẹ̀ di ọ̀la. Ọmọ tí a tọ́ka sí àṣìṣe ogún fún lẹ́ẹ̀kan náà kò ní rántí ọ̀kankan.

Ẹ ó rí i pé ìyá tí kò mọ ìwé kà lè ṣe méjì àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, tí ó sì wí fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó sọ ohun tí wọ́n kà lónìí fún òun, ó ti ràn án lọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ wa ni láti sọ èyí fún àwọn òbí ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé àwọn kò wúlò lórí ọ̀rọ̀ ìwé.

Àwọn àtakò

Àwọn kan yóò ní ọmọ tó bá ń gba ọ̀dọ̀ Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì yóò máa fi Yorùbá ronú títí ayé. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ti ń fi Yorùbá ronú ná. Owó ìtanràn tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá kò dá ìrònú dúró. Ó kàn lé e wọ inú òkùnkùn ni, níbi tí olùkọ́ kò ti lè rí i tún ṣe. Bí ọmọ Arámọkọ yẹn kò bá sọ "òjò fẹ́ rọ̀" sétí mi, n kì bá tí mọ ibi tí "want" ti wá.

Àwọn mìíràn yóò ní kì í ṣe gbogbo ọmọ agbègbè wa ló gbọ́ Yorùbá. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà tí àwọn òbí wọn ń dáko lọ́dọ̀ wa wà nínú kíláàsì wọ̀nyí, àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú. Ìlànà náà kò yí padà fún wọn: èdè tí ọmọ fi ń ronú ni kí a jẹ́ kí ó fi bẹ̀rẹ̀, bí a bá tilẹ̀ ní láti wá ọmọ kíláàsì kan tó gbọ́ ọ. A kò gbọdọ̀ fi Yorùbá ṣe fún wọn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún àwọn tiwa.

Àtakò tó le jù ni ti àkókò. Owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. N kò ní ìdáhùn tó dùn sí èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo lò pẹ̀lú ọmọ yẹn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Ìkádìí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń kọ́ Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún mẹ́ta yín. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú yín ń sọ pé iṣẹ́ méjèèjì kò jọ wọn lójú, pé ọ̀kan ń fà yín síhìn-ín, èkejì ń fà yín sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n ń dúró dè. Nígbà tí ẹ bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, bí ọmọ kan bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá, ẹ má ṣe wí fún un pé, "Lọ bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ." Ẹ gba ìwé náà. Ẹ bi í pé kí ló rò.

Ọmọ Arámọkọ yẹn tún ìdáhùn rẹ̀ kọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi: "Because rain was about to fall." Mo fún un ní "about to". Ìyókù, òun ló ni ín.